Olúrántí, Ẹni Tó Ń Wú Ikọ́ Oníkọ́

Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Yàbá, nílùú Oǹdó, ìwàásù kì í gùn jù lákòókò tí Olúrántí Adébùsóyè ń tọ́jú ibẹ̀. Òun ló ń lu aago, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń tan iná, tó sì ń pa á. Àyè rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá okùn aago, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bojú wẹ̀yìn wò ó. Ibẹ̀ ló jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń gbọ́ ikọ́ àwọn ará ìjọ. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn kì í rí ojú èèyàn, ikọ́ wọn ló fi ń dá wọn mọ̀. Kò sì pẹ́ tó fi mọ bí a ṣe ń wú gbogbo rẹ̀.

Nínú gbogbo ikọ́ tó kọ́, ti Bàbá Ìjọ, Olóyè Adélaní, ló wúlò fún un jù. Olóyè yìí kì í sọ fún alúfàá pé ìwàásù ti tó. Bó bá ti rò pé iyán ń tutù nílé, yóò wú ikọ́ kan ṣókí, yóò sì fi òmíràn tó gùn tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí símẹ́ǹtì. Alúfàá á pa Bíbélì dé, á ní kí ìjọ dìde. Nígbà tí Olúrántí ti mọ ikọ́ náà tán, bí ebi bá ń pa òun fúnra rẹ̀, yóò tẹrí ba bí ẹni ń gbàdúrà, yóò wú ikọ́ Olóyè, ìjọ yóò sì dìde. Olóyè gan-an a máa wò yí ká. Ó rò pé ikọ́ ọ̀hún bọ́ lẹ́nu òun láìmọ̀ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni àṣírí tú. Olóyè lọ síbi ìsìnkú kan ní Iléṣà, Olúrántí sì ti gbàgbé. Ìwàásù gùn, ó wúkọ́. Alúfàá pa Bíbélì dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ, kó tó wá rí i pé àga Olóyè ṣófo. Gbogbo ìjọ wo àga náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n pè é sí ìpàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà sì ń fapá jánú. Àmọ́ Olóyè ní kí ó kọ́kọ́ wú ikọ́ ọ̀hún kí òun náà gbọ́ ọ. Ó wú u. Olóyè ronú sí i, ó ní ìró kejì òun gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olúrántí tún un wú látorí ìdọ̀bálẹ̀ tó wà. Ẹ̀rín ló tú ìpàdé ọjọ́ náà ká. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ àtẹ̀gùn ilé aago, tó sì fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Modúpẹ́, jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́, ó sì ń gbé ní Ìjọ̀kà pẹ̀lú Akíntúndé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti retí ọmọ títí. Nígbà tí Modúpẹ́ bí obìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀mídé, ó ní kí bàbá òun wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Olúrántí di iṣu sínú àpò, ó wọ mọ́tò ní Oǹdó, ó sì kó ọ̀fìnkìn lójú ọ̀nà. Kó tó kan ilẹ̀kùn ilé ọmọ rẹ̀ tán, ikọ́ ti gbọ̀n ọ́n.

Modúpẹ́ ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó dúró sáàárín rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ń wúkọ́."

"Ikọ́ Olóyè Adélaní ni," ni Olúrántí dáhùn. "Mo fi ń dára yá lásán ni."

Modúpẹ́ wò ó dáadáa. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbọ́ ikọ́ Olóyè, kò mú kí imú ẹnikẹ́ni máa ṣàn rí.

Bó ṣe di èrò ìta nìyẹn. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, láti ojú fèrèsé ló sì ti ń kí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Modúpẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò jẹ́ kó wọlé. Ó ṣàlàyé fún un pé nígbà tí òun wà nínú oyún, dókítà gún òun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlù, díẹ̀ nínú ààbò rẹ̀ sì ti bá ọmọ délé ayé. Ṣùgbọ́n ikọ́ àwúbì ńkọ́, ìyẹn ikọ́ tí ọmọdé máa ń wú títí tí yóò fi bì? Ọmọ kò ní gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fún ìyẹn àfi tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó tó di ìgbà náà, ìmọ́tótó àgbà ló ń ṣọ́ ọmọ. Ikọ́ tí kò ju kí àgbà fi tún ọ̀fun ṣe lọ lè dá ọmọ tuntun dùbúlẹ̀.

Ó wá fi kún un pé dókítà ní ó yẹ kí àgbàlagbà bíi tirẹ̀ náà máa gba abẹ́rẹ́ fúlù lọ́dọọdún. Olúrántí ní ọ̀rọ̀ rere ni, òun yóò gbà á lọ́jọ́ tí ara òun bá balẹ̀. Modúpẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ náà kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń sá fún abẹ́rẹ́. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn elétò ìlera dé, ó gun igi obì lọ, ó sì wà lórí rẹ̀ títí mọ́tò wọn fi wọ́ lọ. Obì mẹ́jọ ló sọ pé òun jẹ níbẹ̀, òun kò sì sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí Ayọ̀mídé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ikọ́ bàbá àgbà ti lọ pátápátá, òun ló sì gbé báàgì ọmọ tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìlera àdúgbò. Àwọn ìyá ti kún orí bẹ́ǹṣì. Mọ́tò tó ń gbé abẹ́rẹ́ bọ̀ kò tíì dé, oòrùn ń mú, àwọn ọmọ ń ké. Ìyá méjì ti ń di ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n ń sọ pé àwọn yóò padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Olúrántí kò lè rí ìjókòó tó sú èèyàn báyìí kó má ṣe nǹkan kan sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ onílé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ayálégbé. Àwọn tó sún mọ́ ọn rẹ́rìn-ín. Ó wú ti ọkọ tó pẹ́ níta, tó ń fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó òun ti sùn. Ó wú ti ìyá ọkọ tó ń bọ̀ nílé ìdáná, kí ẹni tó ń mú ẹran nínú ìkòkò lè tètè da ọwọ́ padà. Ìyẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí jù, àwọn ìyá méjì ọ̀hún sì tún jókòó. Ọ̀kan nínú wọn wá bi í bóyá ó lè wú ikọ́ ọmọdé.

Olúrántí dijú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ikọ́ tẹ̀ lé ikọ́, kò sí àyè èémí láàárín wọn, títí ojú rẹ̀ fi ṣú, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì yọ. Lẹ́yìn náà ló fa èémí wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìró gígùn kan tó han gooro, bí àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó parí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nọ́ọ̀sì Yéjídé, ọ̀gá ilé ìlera náà, sì wà nínú yàrá. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó jáde pẹ̀lú ìbòmú lójú, ó ní kí gbogbo ìyá gbé ọmọ wọn bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí ẹni tó gbé ọmọ oníkọ́ àwúbì wá sì dúró sọ́tọ̀. Wọ́n sáré jáde, bàtà ẹlòmíràn ni ẹlòmíràn wọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan sí èkejì, ó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà àwọn ọmọ. Olúrántí náà gba Ayọ̀mídé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tò sórí ìlà, ojú rẹ̀ tutù bíi ti àgùntàn. Ó sì ń bá Nọ́ọ̀sì kẹ́dùn pé àwọn ìyá ìwòyí kì í ṣọ́ra.

Modúpẹ́ ń wolẹ̀. Ìyá kan ló pa ẹ̀rín mọ́ra títí tí kò lè pa á mọ́ mọ́, ló bá na ìka sí bàbá arúgbó.

Nọ́ọ̀sì Yéjídé kò pariwo. Ó bọ́ ìbòmú, ó ní kí ó wú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó wú u tán, ó béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Olúrántí ní oko bàbá òun ni, ó sì tètè béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ti dé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ lé àwọn èèyàn mi jáde," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ̀yin náà lẹ máa kó wọn wọlé."

Ó mú un dúró lórí àtẹ̀gùn. Bó bá ti dárúkọ àìsàn kan, Olúrántí yóò wú ikọ́ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì yóò sì sọ ohun tó yẹ kí ìyá ṣe. Ó dé orí fúlù, Olúrántí sì sọ fún àwọn ìyá pé fúlù ni ọ̀fìnkìn tó lọ kàwé lókè òkun. Nọ́ọ̀sì ní rárá. Ọ̀fìnkìn a máa yọ́ wọlé, ẹni tó ń ṣe é ṣì lè lọ sọ́jà. Fúlù kì í kan ilẹ̀kùn, ibà gbígbóná àti ìrora gbogbo ara ni yóò fi dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ó léwu fún aboyún, fún ọmọ kéékèèké àti fún àgbà. Ọdọọdún ló sì ń pààrọ̀ aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà lọ́dọọdún. Olúrántí gbọ́, ó ṣubú lulẹ̀ gbì bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé, ó béèrè látorí ilẹ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní ó kù díẹ̀, kí ó máa gbọ̀n.

Nígbà tí mọ́tò abẹ́rẹ́ fi máa dé, kò sí ìyá kankan tó tíì lọ sílé. Wọ́n gún Ayọ̀mídé nítan, ó ké, ó sì dákẹ́ sí ọmú. Olúrántí kò wò ó. Ògiri ló dojú kọ títí wọ́n fi ṣe tán.

Bó ṣe di pé Nọ́ọ̀sì ń tẹ Modúpẹ́ láago nìyẹn, pé kí ó yá òun ní bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, àwọn ìyá jókòó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ nítorí ikọ́ ìyá ọkọ. Ibi tí wọ́n bá dé ni ẹnìkan ti máa ń béèrè bóyá bàbá náà ti gba abẹ́rẹ́ fúlù tó ń tìtorí rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ìbéèrè yìí fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìta-Ògbólú, ó wá nǹkan ṣe sí i. Ó já òwú nínú àpótí oògùn Modúpẹ́, ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òsì, ó sì wọ bùbá tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn.

Ní Ìta-Ògbólú, ìyá ọ̀dọ́ kan wà tó ń jẹ́ Peculiar. Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera, kò sì rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ṣe ń rẹ́rìn-ín. Òun ló béèrè ìbéèrè ọ̀hún lọ́tẹ̀ yìí. Olúrántí kàn yí apá òsì sí i bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Gbogbo wọn rí pílásítà. Nọ́ọ̀sì náà rí i.

Peculiar ní ó dáa. Ó ní ohun tó wà lọ́kàn òun ni pé ọmọ òun kì í wúkọ́. Ukọ́ tí bàbá yìí ń wú, bí ó ti ń pè é ní ahọ́n Àkúrẹ́, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé òun. Ọmọ a máa gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, òun kò sì rí ìdí tí òun yóò fi dá ọmọ tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lóró. Lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ìró àkùkọ yẹn lọ́fun rẹ̀, òun yóò sáré gbé e wá.

Nọ́ọ̀sì ti la ẹnu láti fèsì. Olúrántí ló ṣáájú rẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ohùn tí Nọ́ọ̀sì kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó ní òun ló ṣe ikọ́ náà lóko kòkó bàbá òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Òun ń wú u, òun ń bì, gbogbo oko ń gbọ́ òun, wọ́n sì ń fún òun ní oyin lá. Àbúrò òun kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́runníyì, tí kò tíì mọ̀ ọ́n rá. Ẹní kan náà ni àwọn jọ ń sùn lé.

"Gbogbo yín ń sọ pé mo mọ ikọ́ wú," ni Olúrántí sọ. "Ti Ọlọ́runníyì, mi ò lè wú u fún yín. Kò ní ìró. Ó kàn ń dákẹ́ ni. Á dákẹ́, ètè rẹ̀ á dúdú, á tún mí. Ìyá wa rò pé oorun ló ń sùn."

Kò sọ bó ṣe parí. Nọ́ọ̀sì Yéjídé rọra sọ fún Peculiar pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí lára àwọn ọmọ tó kéré gan-an, wọn kì í sábà ní ìró àkùkọ yẹn, èémí wọn ló máa ń dúró. Bí ìyá bá ń dúró de ìró, ó lè má gbọ́ ọ. Ti pé ara ọmọ ń gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, òótọ́ ni, ibi tí wọ́n gún sì lè wú díẹ̀. Kì í pẹ́ kó tó lọ, òun yóò sì kọ́ ọ ní bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí ó má sì gba ẹ̀ẹ̀kan kó dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ máa ń gba tirẹ̀ kí ààbò náà tó rinlẹ̀.

Peculiar bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tú ọ̀já, ó yí ọmọ sí iwájú, ó gbọ́ èémí rẹ̀ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gún ọmọ. Ó ní kí bàbá wá bá òun di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Olúrántí wò yí ká bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó sún mọ́ wọn, ó dijú, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, kò sì lajú títí wọ́n fi gún un tán.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Àkúrẹ́, Nọ́ọ̀sì jókòó tì í nínú mọ́tò. Ó kí i kú iṣẹ́, ó sì gbá a lápá òsì, lórí pílásítà gan-an, gbá bí ẹni ń gbá ẹ̀fọn. Olúrántí dúpẹ́, kò mira.

"Apá yìí ò tíì mọ̀ pé wọ́n gún un," ni Nọ́ọ̀sì sọ.

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olúrántí ní awọ òun nípọn ni. Nígbà tí èyí kò ran, ó ní arúgbó ni òun, pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ iwájú wọn ṣì gùn. Nọ́ọ̀sì ní arúgbó gan-an ni wọ́n ń wá. Olúrántí gbìyànjú láti wú ikọ́ ẹni tára rẹ̀ kò dá, ó ní wọn kì í gún aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ní ikọ́ kékeré kò ní kí a má gún èèyàn, àti pé ikọ́ yẹn, òun ti gbọ́ ọ ní Ìlárá-Mọ̀kín, ti ayálégbé tó ń fi àìsàn sá fún owó ilé ni.

Ilé ìlera ìjọba àdúgbò kò ní abẹ́rẹ́ fúlù, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n ti gún Modúpẹ́ ni wọ́n mú un lọ. Modúpẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, Akíntúndé dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó kàn ń gba atẹ́gùn. Olúrántí sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gba àdúrà. Àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ látorí Ádámù. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Nóà, nọ́ọ̀sì ti gún un, ó ti lẹ òwú mọ́ ọn, ó sì ti ń mú ọwọ́ kúrò. Olúrántí la ojú, ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Apá òsì tí wọ́n gún dùn ún díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì jẹ gbogbo èrè tó wà nínú ìrora ọ̀hún. Kò lè gbé ife omi, Modúpẹ́ ló ń gbé e fún un. Kò lè pa fèrèsé, kò lè gbé báàgì. Akíntúndé ló gún iyán lọ́jọ́ náà nítorí bàbá tí kò lè gbé ọwọ́, bàbá náà sì fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí Modúpẹ́ ti yàrá ìdáná bọ́ sí pálọ̀, ó bá a tó ń jó láàárín ilé, Ayọ̀mídé wà lórí apá òsì, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Modúpẹ́ dúró wò ó. Ó padà sí yàrá ìdáná, ó bu omi sínú ife, ó sì gbé e kalẹ̀ síbi tí bàbá rẹ̀ yóò ti dìde lọ mú un fúnra rẹ̀.

Oǹdó ni Olúrántí ń gbé báyìí, ó sì ń lọ sí Àkúrẹ́ nígbà tí Nọ́ọ̀sì bá pè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gba abẹ́rẹ́ fúlù, lẹ́yìn àdúrà tó dé ọ̀dọ̀ Ábúráhámù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ láago pé àwọn ìyá ní Ilu-Abo ń retí wọn. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé òun gbọ́ pé iṣu wọn dára, òun kò sì fẹ́ gbà á gbọ́ láìrí i.